Àwo CD àti DVD: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ àwòrán èèyàn yín sí i lójú

Ara àtàǹpàkò àlejò kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé a ti ṣe àṣìṣe.

Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àbíjàn, la ṣe ní Anoumabo. Jíjẹ mímu ti parí, àwọn èèyàn ti ń dìde, a sì ti to àwo DVD 60 sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè mú un lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìrántí. Àwòrán màmá, níbi tó ti wé gèlè aṣọ òkè, wà lójú àwo kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó jáde láyé.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọwọ́ gbogbo wa ló tutù. Ẹni tó kọ́kọ́ mú àwo náà dá a padà fún mi, ó sì na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ó ti dúdú. Orúkọ màmá ti kúrò lójú àwo, ó ti lẹ̀ mọ́ àlejò lọ́wọ́.

Èmi ni mo ra àwọn àwo náà. Ilé àbúrò mi, níbẹ̀ ní Anoumabo, la ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tẹ àwòrán sí wọn mọ́jú. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù, íńkì rẹ̀ sì dára. Àwo tí mo rà ni kò tọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo tó jókòó kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Mo kọ ọ́ síbí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé, yálà fún ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde tàbí ìwàásù.

Kí ló dé tí a ṣì ń lo àwo?

Anoumabo jẹ́ àdúgbò kan ní Marcory, ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀èdè Côte d'Ivoire. Abúlé àwọn Ébrié ni kó tó di pé ìlú ńlá gbé e mì. Àwọn olólùfẹ́ orin mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ lọ́dún 2008. Lórí ìtàgé àjọ̀dún náà ni Papa Wemba, ìlúmọ̀ọ́ká olórin ọmọ Congo, ti ṣubú lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin, ọdún 2016, tó sì gbabẹ̀ kú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń gbé ní Abidjan, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ilé méjì báyìí, ọ̀kan ní Èjìgbò, ọ̀kan ní Abidjan, tí ààlà orílẹ̀èdè mẹ́rin sì wà láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá kú ní ìhín, ó dájú pé àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọn kò ní lè wá.

Ohun tó wà nínú àwo tiwa kì í ṣe orin ẹnikẹ́ni. Fídíò tí mo fúnra mi gbà ní ọdún méjì kí màmá tó kú ni. Ó ń ka oríkì ìdílé wa nínú rẹ̀, ó sì ń sọ bí òun ṣe kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kúrò ní Èjìgbò. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ oríkì náà tán.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí WhatsApp ni. Ó wà, a sì fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n WhatsApp a máa fún fídíò pọ̀ kó lè tètè lọ, àwòrán á sì bàjẹ́. Fóònù máa ń sọnù, ó sì máa ń kún tí àwọn ọmọ á fi pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Àwọn àgbà wa ní Èjìgbò ní ẹ̀rọ DVD lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti àwo sínú rẹ̀. Bí ojú ẹni tó lọ bá wà lára àwo náà, ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé gbogbo àwo tó bá funfun lójú ló ń gba íńkì?

Rárá o. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo íńkì olómi máa ń fọ́n ẹ̀kán íńkì wínníwínní jáde. Bó bá jẹ́ ìwé ni, ìwé á fa íńkì náà mu. Ṣùgbọ́n ike tàbí ọ̀dà lásán kì í fa omi. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe àwo tí a lè tẹ àwòrán sí máa ń fi nǹkan kan tó ń fa íńkì kun ojú rẹ̀.

Irú àwo mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ àwọ̀ mọ́ nǹkan lára ni wọ́n ṣe é fún. Òun náà funfun, òun náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í fa omi. Bí ẹ bá fi íńkì olómi tẹ àwòrán sí i, íńkì náà á kàn dúró sókè ni, bí omi ṣe ń dúró sórí ewé kókò. Irú èyí ni mo rà, nítorí pé ojú funfun nìkan ni mo wò.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà, “inkjet printable” ni kí ẹ wá. Ní Abidjan, Cotonou tàbí Lomé, ẹ wá “imprimable jet d'encre”. Bí ẹ bá rí “thermal” tàbí “thermique”, ẹ gbé e sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ “printable” nìkan ni wọ́n kọ, ẹ bi òǹtajà léèrè irú ẹ̀rọ tó wà fún.

Bí òǹtajà bá gbà kí ẹ ṣí ọ̀kan wò, ẹ fi omi díẹ̀ kan orí ìka, kí ẹ sì fi ìka náà kan etí ojú funfun yẹn. Bó bá fa omi náà mu, tí ó sì lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ìka yín, ó ń gba íńkì nìyẹn. Bí omi náà bá kóra jọ tó ń yí kiri, ẹ má ra á.

Ṣé gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló lè tẹ àwòrán sójú àwo?

Èyí tó ní àtẹ àwo nìkan ló lè ṣe é. Àtẹ yìí jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó ní ihò róbótó kan tí àwo ń jókòó sí, òun ni ẹ̀rọ á sì fà wọlé bí ẹni ń fa ìwé. Epson L800, L805 àti L8050 wà lára àwọn tó ní in, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn kan lára PIXMA tí Canon ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ àlòkù, ẹ rí i pé àtẹ rẹ̀ wà nínú páálí, torí pé àtẹ ẹ̀rọ kan lè má bá òmíràn mu.

Báwo ni ibi tí a lè tẹ̀ ṣe fẹ̀ tó?

Mìlímítà 120 ni àwo CD àti DVD fẹ̀ láti etí dé etí. Ibi tó ń gba íńkì máa ń dé nǹkan bíi mìlímítà 118 lápá òde. Àárín ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Lára àwọn kan, ibi funfun náà sún mọ́ ihò àárín gan-an, tí ibi tí kò gba íńkì kò fi ju nǹkan bíi mìlímítà 23 lọ. Lára àwọn mìíràn, róńdó kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín tí kò gba íńkì rárá.

Bó bá jẹ́ ojú èèyàn lẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ ra èyí tó funfun dé àárín. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi rúlà wọn ibi funfun náà, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ya àwòrán náà. Íńkì tó bá bọ́ sórí ike lásán kì í gbẹ. Á tún ba àtẹ ẹ̀rọ yín jẹ́, àwo tó tẹ̀ lé e á sì jẹ nínú ìdọ̀tí náà.

Èwo ló dára jù nínú èyí tó ń dán àti èyí tí kò dán?

Ojú funfun tí kì í dán ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn láti lò. Íńkì tètè máa ń wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi lè ba àwòrán rẹ̀ jẹ́, kódà lẹ́yìn tó bá ti gbẹ.

Ojú tó ń dán máa ń mú kí àwòrán dà bí fọ́tò. Wọ́n ṣe àwọn kan lára wọn kí omi má lè tètè ba àwòrán jẹ́. WaterShield, tí ilé iṣẹ́ Taiyo Yuden ti Japan mú jáde, wà lára àwọn tí èèyàn mọ̀ jù. Owó rẹ̀ ga ju ti èyí tí kò dán lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọwọ́ olóòógùn tàbí ọwọ́ òjò ló máa gbà á, owó náà tó san.

Oríṣi kẹta ni èyí tó rí bíi fàdákà. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kò ní íńkì funfun. Ibi tó bá yẹ kó funfun nínú àwòrán, ojú àwo ló máa hàn níbẹ̀. Lórí fàdákà, eyín àti ẹyinjú èèyàn á di eérú. Ó dára fún lẹ́tà àti àmì, kò dára fún ojú èèyàn.

Ẹ wo íńkì yín pẹ̀lú. Íńkì kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ yọ́ sínú omi pátápátá. Òmíràn sì wà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó kàn lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Oní-lẹ́búlẹ́bú yìí lè má wọnú ojú tó ń dán dáadáa. Ẹ ra àwo díẹ̀ dán wò kí ẹ tó ra ọgọ́rùn-ún.

Kí ló wà nínú àwo náà gan-an?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Nínú ọ̀rọ̀ àwo, ojú rẹ̀ ni ẹwà, aró inú rẹ̀ ni ìwà.

Mo ní aró, mi ò ṣe àwàdà. Inú àwo tí a lè kó nǹkan sí, wọ́n fi aró tín-ínrín kan kùn ún, ìmọ́lẹ̀ laser inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà á sì jó aró náà níbi kan, á fi ibòmíràn sílẹ̀. Àmì wọ̀nyẹn ni ẹ̀rọ DVD máa ń kà padà bí ohùn àti àwòrán. Bí aró náà bá ṣí, bí aṣọ ṣe ń ṣí, ohùn màmá ti lọ nìyẹn, bó ti wù kí ojú àwo náà rẹwà tó.

Nígbà tí a dán àwo 60 wa wò lẹ́yìn ìnáwó, mẹ́jọ ni kò ṣí rárá. Ìyẹn dùn mí ju ti íńkì lọ.

Taiyo Yuden ló kọ́kọ́ ṣe CD tí èèyàn lè kó nǹkan sí fúnra rẹ̀, lọ́dún 1988. Oríṣi aró mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú irú CD bẹ́ẹ̀: cyanine, tí Taiyo Yuden fi bẹ̀rẹ̀, phthalocyanine, tó sábà máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ ju cyanine àtijọ́ lọ, àti azo, tí Mitsubishi lò fún Verbatim, tí ẹ̀yìn àwo rẹ̀ sì máa ń jẹ́ búlúù tó jinlẹ̀.

Ohun tó ṣòro ni pé orúkọ ara páálí kọ́ ni orúkọ ẹni tó ṣe àwo náà. Ilé iṣẹ́ kan lè ra àwo lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àmì kan wà nínú DVD tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ètò ọ̀fẹ́ bíi ImgBurn á fi í hàn yín. MCC ń tọ́ka sí Mitsubishi Chemical, CMC sí CMC Magnetics ti Taiwan, TYG sí Taiyo Yuden. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà lè jí àmì yìí lò, nítorí náà kò parí iṣẹ́. Àmọ́ bí páálí bá sọ ohun kan, tí àmì inú rẹ̀ sọ òmíràn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ẹ gbé àwo náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tàbí ibi tí aró ti fẹ́ ju ibòmíràn lọ, ẹ dá a padà.

CD ni àbí DVD?

CD máa ń gba mẹ́gábáìtì 700, ìyẹn ohùn ìṣẹ́jú 80. Ó tó fún ìwàásù tàbí oríkì. DVD kan máa ń gba gígábáìtì 4.7, nǹkan bíi wákàtí méjì fídíò.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni àwọn àgbà ń lò, DVD-R ló sábà máa ń bá a mu ju DVD+R lọ. Ẹ má kàn da fídíò fóònù sórí àwo bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè ka irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò orí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di fídíò DVD kí ẹ tó kó o sí i.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú, kíkó fídíò sí i ni àbí títẹ àwòrán?

Epson gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó nǹkan sínú àwo, kí wọ́n tó tẹ àwòrán sójú rẹ̀, nítorí pé ìdọ̀tí tàbí ìlà tó bá ha ara rẹ̀ lè mú kí àkọsílẹ̀ náà kùnà. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: bí àwo kan bá kọ̀, ẹ kò tíì fi íńkì ṣòfò lé e lórí. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o tán, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn dán an wò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi kó o.

Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ má tò ó lé ara wọn, ẹ má sì sá a sóòrùn. Àárín ọ̀sà àti òkun ni Abidjan wà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀, bíi ti Èkó àti Cotonou. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi kún wákàtí náà.

Ẹ má lo ìwé alẹ̀mọ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè ba àwo jẹ́ bó bá pẹ́, bí kò bá sì dọ́gba, àwo á máa gbọ̀n nínú ẹ̀rọ. Ẹ má sì fi báírò kọ nǹkan sójú CD. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀yìn CD ni àkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú rẹ̀ gan-an ló wà, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì bò ó. Ti DVD sàn díẹ̀, torí pé àárín ike méjì ni wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí.

Ní ti ìpamọ́, àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tó gbé jáde lọ́dún 2003, ní kí a tọ́jú àwo síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n Celsius 4 sí 20, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì wà láàárín ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká fi í sínú àpò rẹ̀, ká gbé e nàró, ká sì jìnnà sí fèrèsé àti ilé ìdáná.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé

Fídíò tí ẹ fúnra yín gbà ni ẹ lè pín bó ṣe wù yín. Bí ẹ bá da orin olórin kan sórí àwo, tí ẹ sì ń tà á tàbí tí ẹ ń pín in láìgba àṣẹ, òfin lè mú yín. BURIDA ló ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Côte d'Ivoire. Nigerian Copyright Commission ló ń ṣe é ní Nàìjíríà.

Ṣé àwo òfìfo ṣì máa wà lọ́jà títí lọ?

Wọ́n ń dínkù. Taiyo Yuden jáwọ́ nínú ṣíṣe àwo lọ́dún 2015. Lọ́dún 2019, Mitsubishi Chemical kéde pé òun ń ta iṣẹ́ Verbatim fún CMC Magnetics. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Sony dáwọ́ ṣíṣe Blu-ray òfìfo dúró. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ àwo tó wà lọ́jà wa lónìí ti lè pẹ́ nínú páálí, ayédèrú náà á sì máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ má fi ọkàn tán àwo nìkan. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà fídíò yín sórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì, kí ẹ̀dà mìíràn sì wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ìlú mìíràn. Àwo ni ẹ ó fi fún àwọn tó fẹ́ kí ìrántí ẹni wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Àwa tún tiwa ṣe. Mo ra àwo mẹ́wàá péré lákọ̀ọ́kọ́, olójú dídán tí omi kì í tètè bà jẹ́. Mo fi ìka tútù kàn án, mo wọn àárín rẹ̀, mo kó fídíò sí i, mo dán an wò, kí n tó tẹ àwòrán màmá sí i. Ọjọ́ méjì ni mo fi tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú yàrá. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n dára ni mo tó ra ìyókù nínú páálí kan náà.

Nínú báàgì mi ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò ní Abidjan, tí a gba Elubo wọ Ghana, tí a gba Togo àti Benin kọjá, tí a sì gba Sèmè wọ Nàìjíríà. Ní Èjìgbò, ìyàwó bàbá wa àgbà gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ó ń fọ ẹ̀wà lọ́wọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fi ọwọ́ náà nu ojú Ìyá Àbíjàn.

Àwòrán náà kò ṣí. Ó yẹ ìka rẹ̀ wò, ó tún wo àwòrán náà, ó sì ní kí àwọn ọmọ lọ tan ẹ̀rọ.